Bíṣọ́ọ̀bù àti Ìdènà Méje

Fate, Ìlọrin.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, 2025.

Tèmítọ́pẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Òtútù Kánádà ńkọ́? Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè gbogbo wa ti là, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá pe tiwa ní òtútù, ẹ̀yin ará yìnyín yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wà láàyè. Orúnkún mi náà wà, ó ní kí n kí ọ.

Mo gbọ́ ìpinnu tí ìwọ àti Olúfẹ́mi àbúrò mi ṣe lórí fóònù láì pè mí sí ìpàdé. Ó wá láti Ọ̀mù-Àrán lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọ agbádá, ó jókòó, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí alága káńsù tó fẹ́ ṣí kànga tí kò ní omi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹbí ti pinnu." Mo ní ẹbí wo? Nínú ẹbí tí mo mọ̀, èmi ni àgbà, mi ò sì pinnu nǹkan kan. Ó ní kí ajá Ṣeun kúrò nílé mi, kí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Shehu, tó ń fi ajá ṣọ́ ilé-ẹrù, wá mú un lọ.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun, mo lé ajá náà dé ojú títì, mo ṣubú, kẹ̀kẹ́ kan sì kù díẹ̀ kó kó àwa méjèèjì mọ́lẹ̀. Olúfẹ́mi ní ajá tí kò gbọ́ ìpè yóò pa arúgbó tó ń lé e. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, ohun tó sì bí mi nínú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi. Ìdènà méje tí ìwọ kọ́ Ṣeun àbúrò rẹ lórí fóònù, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ṣì wà lágbàlá bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀: igi mẹ́ta tí ajá ń fò kọjá, taya tó ń gba inú rẹ̀ bọ́ síwájú, dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ tó ń wọ̀ tó ń jáde lódì kejì, páìpù mẹ́fà tó ń lọ́ gba àárín wọn bí ejò, àti pákó gígùn tí bó bá gun apá kan, apá kejì á wálẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá tí ọkọ̀ ti gbá Ṣeun pa lọ́nà Àjàṣẹ́, ojoojúmọ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo ń mú ajá náà lọ síbẹ̀. Igi mẹ́ta, ó fò ó. Taya, ó gbà á. Dúrọ́ọ̀mù, ó wọ̀ ọ́. Bó bá jáde nínú dúrọ́ọ̀mù, apá òsì ló yẹ kó yà sí, síbi páìpù. Kò yà. Géètì ló ń sáré lọ, á dúró níbẹ̀, á máa fi èékánná họ irin. Bó bá bá a ní ṣíṣí, ó di ojú títì. Ó ń wá ọ̀gá rẹ̀.

Mo ti bá Olúfẹ́mi ṣe àdéhùn. Bí Ọjọ́ Ajé Àjíǹde bá fi dé tí ajá yìí lè bá mi yí ìdènà méjèèje po láì sá lọ, tèmi ni títí ọ̀kan nínú wa yóò fi kú. Bí kò bá lè ṣe é, kí Shehu máa mú un lọ. Olúfẹ́mi kọ ọ́ sínú ìwé, ó bu ọwọ́ lù ú, ó ní kí èmi náà bu ọwọ́ lù ú.

Àbẹ̀kẹ́, láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ, àwa méjì la kù nínú ilé yìí, èmi àti Ṣeun. Nísinsìnyí, ohùn kan ṣoṣo tó kù níbí tí kì í ṣe tèmi ni ti ajá yìí. Ìwọ lo mọ eré náà. Kọ́ mi. Má sì fi í ránṣẹ́ ní gbólóhùn méjì méjì sórí fóònù. Kọ lẹ́tà bí ọmọ olùkọ́. Ìsọ̀ kọ̀ǹpútà kan wà ní Post Office tí yóò máa tẹ tìrẹ jáde fún mi, tí yóò sì máa fi tèmi ránṣẹ́. O kò kọ nǹkan kan sí mi láti Kérésì. Mo ń ka ọjọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúyẹmí, olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ń sá kúrò ní kíláàsì.


Regina, Kánádà.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kìíní, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi kí orúnkún, ẹ sọ fún un pé nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe bá Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú pé a kò pè yín sí i. Bí a bá pè yín, ẹ óò wí títí ẹ óò fi borí, ẹ óò sì tún lọ ṣubú.

Ó ṣì wù mí kí ajá náà lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn, mi ò ní fi ohun tí mo mọ̀ pamọ́ kí ẹ lè kùnà.

Doreen, ìyá àgbà tó ń kọ́ àwa àti ajá wa ní eré ìdènà ní gbọ̀ngàn kan níbí, kò ní ju ẹ̀kọ́ kan lọ: ajá kì í ṣàṣìṣe, ẹni tó ń mú un sáré ló ń ṣàṣìṣe. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo bínú kúrò níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Bọ́tà, ajá tèmi, fi kọ̀ láti gun pákó. Ajá oníkálukú ń gùn ún bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀. Tèmi á dé ìdí rẹ̀, á jókòó, á máa yán. Mo máa ń pẹ́ nínú ọkọ̀ lẹ́yìn náà kí n tó lè wakọ̀ lọ sílé, nítorí omi ojú. Ẹ̀yin ará ilé rò pé iṣẹ́ ló ń pa mí. Ajá ni.

Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé bí nǹkan bá ti ṣòro, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ń gbìyànjú rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo padà sí èyí tó mọ̀ dáadáa, ó ṣe é, mo fún un ní ẹran, a lọ sílé. Kó má bàa jẹ́ pé ìkùnà ló gbẹ̀yìn lọ́kàn rẹ̀, tàbí lọ́kàn tèmi. Bí mo bá dé ibẹ̀ tìbínú-tìbínú, mo kọ́kọ́ mu omi, mo jókòó. Mi ò sì ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn yóò nira fún yín.

Ẹ má lù ú o, Bàbá mi. Mo bẹ̀ yín.

Ìbéèrè kan ló kù. Kí ló dé tí géètì máa ń wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ?

Ọmọ yín,
Tèmítọ́pẹ́.


Fate, Ìlọrin.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi bírò pupa tún ibi méjì ṣe, nítorí ọwọ́ tí iṣẹ́ bá ti mọ́ lára kì í sinmi.

Bá mi kí Doreen. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Irú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́: "Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó burú, ọ̀nà ìkọ́ni ló burú." A kọ ọ́ sínú ìdánwò, a gba máàkì lórí rẹ̀, a sì mú pàṣán lọ sí kíláàsì.

Nípa lílù: lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tó sá lọ sí géètì nígbà kẹfà, mo gbé igi sókè. Mi ò lù ú. Ó fi ikùn lélẹ̀, ó gbójú sókè wo igi náà bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ó wá yé mi pé kò rí irú rẹ̀ rí lóòótọ́. Ṣeun kò lù ú rí. Èmi ni mo lu Ṣeun, nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin, nítorí ìṣirò pínpín, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé olùkọ́ ń ṣe ojúsàájú fún ọmọ rẹ̀. Mo ju igi náà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ń gbìyànjú, bí o ṣe wí. Lẹ́yìn náà mo ní kó fo igi kìn-ín-ní, ó fò ó, ó jẹ ẹran, èmi náà jẹ díẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìjọ pè mí lọ́jọ́ Àìkú. O mọ̀ pé nítorí irun funfun tó yí ajá náà lọ́rùn bí kọ́là àlùfáà ni Ṣeun ṣe sọ ọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan tó ń kọjá ti gbọ́ mi tí mo ń pariwo pé, "Bíṣọ́ọ̀bù, dìde! Ta ló ní kí o jókòó? Ọ̀lẹ!" Akọ̀wé ìgbìmọ̀ tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní ọ̀rọ̀ náà "tàbùkù ipò mímọ́." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù tèmi kò tíì bèèrè ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ ìjọ. Ẹyọ ènìyàn kan kò rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ń dúró tì mí ni Alhaji Àbdùlsàlámì, aládùúgbò mi. Ó jẹ́ olùdarí àgbà nílé-iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Kò lè wọ àgbàlá mi, nítorí bí itọ́ ajá bá kan jálàbíà rẹ̀, ìgbà méje ni yóò fọ̀ ọ́ kó tó kírun. Nítorí náà ó gbé àga sí ẹ̀yìn ògiri, ó gun orí rẹ̀, orí nìkan la ń rí. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe àbójútó. "Olùkọ́! Ajá yìí yóò gbọ́, ní àṣẹ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé lónìí, kò gbọ́."

Nípa géètì, mo máa ń gbàgbé ni. Àgbà ló dé.

Bàbá rẹ,
Olúyẹmí.


Regina, Kánádà.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, nítorí mo mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń kàwé. Mo fi lẹ́tà yín rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibi igi yẹn.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín. Láti oṣù Kẹwàá, mi ò tíì wọ gbọ̀ngàn Doreen mọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ níbí ni aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀. Gbogbo Sátidé ni Ṣeun máa ń pè mí lákòókò náà, èmi àti Bọ́tà nínú gbọ̀ngàn, òun àti Bíṣọ́ọ̀bù lágbàlá. Bí tèmi bá kọ̀ láti gun pákó, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ajá yẹn sílẹ̀, ẹ gun pákó náà fúnra yín ká rí i." Nísinsìnyí, bó bá di Sátidé, Bọ́tà á fi ẹnu gbé okùn ọrùn rẹ̀ wá bá mi. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé mi ò kọ nǹkan kan láti Kérésì. Òótọ́ ni. Mo ń bínú ni, Bàbá mi. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ikú Ṣeun ni Bàbá Kékeré tó pè mí. Ó ní ẹ kò fẹ́ kí n gbọ́ ọ níbi iṣẹ́. Ibi iṣẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ kẹta. Mo ń fún ìyá arúgbó kan lóúnjẹ níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, mo ṣí fóònù, mo rí àwòrán Ṣeun tí ọmọ ìjọ yín kan gbé jáde pẹ̀lú àbẹ́là méjì: "Sùn re o." Mo parí fífún obìnrin náà lóúnjẹ. Mo nu ẹnu rẹ̀. Ẹ ti sin ín kí n tó mọ̀ pé ó ti ṣaláìsí. Kí ni mo ṣe fún yín?

Nípa ti ajá: ẹ sọ fún Alhaji kó fi fóònù rẹ̀ ya fídíò yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láti orí àga rẹ̀ yẹn. Kó ya ẹ̀yin àti ajá pọ̀. Mo fẹ́ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kó tó sá.

Ọmọ yín,
Tèmítọ́pẹ́.


Fate, Ìlọrin.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹta, 2025.

Tèmítọ́pẹ́,

Mo ti fi fídíò náà ránṣẹ́. Má rẹ́rìn-ín sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ètè Alhaji gbẹ bí ewé, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀, ipò tó wà nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọjọ́, àti aago. "Àkọsílẹ̀ yìí wáyé lábẹ́ àbójútó mi." Bíṣọ́ọ̀bù ti fo igi méjì kó tó parí ọ̀rọ̀ ìṣáájú.

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè rẹ. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ fún un.

O ní a sin Ṣeun kí o tó mọ̀. Àbẹ̀kẹ́, ta ló sọ fún ọ pé èmi wà níbẹ̀? O ti gbàgbé àṣà wa ni? Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Olúfẹ́mi àti àwọn ọkùnrin ẹbí mú mi lọ sí pálọ̀ Alhaji, wọ́n ní kó jókòó tì mí, kó má jẹ́ kí n jáde. Ó jókòó. Kò sọ̀rọ̀ ipò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ sáré gba títì. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ wọ àgbàlá mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo gbọ́ tí géètì ṣí, mo gbọ́ tí ó padé. Ìyẹn ni gbogbo ìsìnkú tí mo rí. Nígbà tí Olúfẹ́mi dé láti Ọ̀mù-Àrán nírọ̀lẹ́, erùpẹ̀ pupa wà ní bàtà rẹ̀. Mo ní, "Ibo lẹ tẹ́ ẹ sí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bi mí."

Nítorí náà má sọ pé a fi nǹkan pamọ́ fún ọ. Wọ́n fi í pamọ́ fún àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n èmi gbà fún wọn pé kí wọ́n má pè ọ́ kíákíá. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀bi tèmi. Mo rò pé ọ̀nà jíjìn yóò bá wa gbé díẹ̀ nínú ìbànújẹ́ náà. Má bínú sí mi.

Wo fídíò náà kí o sọ ohun tí ajá yìí ń ṣe tí kò dára.

Bàbá rẹ,
Olúyẹmí.


Fate, Ìlọrin.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta, 2025.

Àbẹ̀kẹ́,

Ọjọ́ méjìdínlógún. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti lọ sí Post Office. Obìnrin oníkọ̀ǹpútà náà, Fawziyyah, ti ń rí mi lókèèrè tó ń mi orí.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí mo kọ nípa ìsìnkú ló bí ọ nínú, sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé o ti rí i pé ajá yìí kò ní lè ṣe é láéláé, sọ ìyẹn náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó ṣì ń sá lọ sí géètì. Lánàá, mo jókòó sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ìgbà kẹta, mo bẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ń bẹ ajá. Alhaji gbé ojú kúrò.

Bàbá rẹ.


Regina, Kánádà.
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀, mi ò sì ní dìde títí ẹ óò fi ka lẹ́tà yìí tán.

Lọ́jọ́ tí fídíò náà dé ni mo wò ó. Mo ti wò ó nígbà mọ́kànlá báyìí. Ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn náà ni mo ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tí mo ń fà á ya.

Doreen kọ́ wa pé bí a bá fẹ́ wo bí ajá ṣe sáré, kí a pa ohùn fídíò náà. Ajá kì í fi etí sáré. Ibi tí èjìká ẹni bá yà sí, ibi tí orí bàtà ẹni bá nà sí, ibẹ̀ ló ń lọ, ohun yòówù tí ẹnu ìbáà máa wí. Mo pa ohùn náà. Mi ò gbọ́ yín mọ́, mi ò gbọ́ Alhaji. Mo ń wo ẹsẹ̀ yín.

Bàbá mi, ẹnu yín ní páìpù. Ẹsẹ̀ yín ní géètì. Kí Bíṣọ́ọ̀bù tó yọ orí jáde nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ti yí padà, gbogbo ara yín, àti igi tí ẹ fi ń tilẹ̀. Ẹ ti ń wo géètì kó tó sá lọ síbẹ̀. Ó yọ jáde, ó wo yín, ó lọ síbi tí ẹ rán an.

Kì í ṣe ajá ló ń wá Ṣeun.

Ìdí tí mi ò fi lè kọ̀wé nìyẹn. Mo rò ó pé kí n dákẹ́, kí ọjọ́ pé, kí Shehu mú un lọ, ohun tí mo fẹ́ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí pé mi ò ní fi ohun tí mo mọ̀ pamọ́.

Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín,
Tèmítọ́pẹ́.


Fate, Ìlọrin.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 2025.

Tèmítọ́pẹ́,

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi dúró níwájú kíláàsì. Àwọn aláyẹ̀wò wá láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n kọ nǹkan. Kò sí ẹni tó wo ẹsẹ̀ mi rí. Ó wá di ìwọ, láti ibi tí yìnyín ti bo ilé mọ́lẹ̀, tí ó máa ti Kánádà kọ́ mi bí mo ṣe ń dúró nínú àgbàlá mi. Mo mọ̀ pé ọmọ mi ti kú. Mi ò nílò Doreen láti sọ ọ́ fún mi. Ẹ máa bá ìmọ̀ yín lọ.

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹrin.

Mi ò fi ti òkè yìí ránṣẹ́. Mi ò sì fà á ya, nítorí olùkọ́ kì í ya ìwé.

Mo lọ bá Alhaji lánàá. Mo ní, "Ẹ wò ó, ọmọ mi ní èmi ni mò ń kọjú sí géètì." Mo retí kó rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí jálàbíà nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Láti oṣù Kìíní ni mo ti rí i, Olùkọ́."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

Ó ní, "Wàlláhì, ta ni yóò sọ ọ́? Èmi tí mo di ọwọ́ yín mú lọ́jọ́ náà?"

Ó bù mí ní dàbínù tó kù nínú èyí tó fi ṣínu nígbà ààwẹ̀. Mo jẹ ẹ́.

Géètì náà, mi ò gbàgbé rẹ̀ rí, Àbẹ̀kẹ́. Bí Ṣeun bá ti ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé dé, kì í fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Mo máa ń ṣí i sílẹ̀ dè é kí aago márùn-ún tó lù.

Sọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹsẹ̀ padà.

Bàbá rẹ,
Olúyẹmí.


Regina, Kánádà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi ti òkè ránṣẹ́ nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ máa rin ojú ọ̀nà náà láì mú ajá dání. Báyìí ni gbogbo wa ń ṣe kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀: à ń rìn ín bí wèrè, à ń nawọ́ sí afẹ́fẹ́. Ẹ rìn dé dúrọ́ọ̀mù. Níbẹ̀, kí ẹ̀yìn yín wà ní géètì, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì nà sí páìpù, kí ẹ má sì bojú wẹ̀yìn. Ẹ bá ajá rìn díẹ̀ dípò kí ẹ dúró. Bí orúnkún bá fẹ́ jà, ẹ jẹ́ kó jà lọ́nà páìpù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: bí ó bá ju agbára yín lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dá yín lẹ́bi. Èmi kọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí Bọ́tà gbé okùn wá, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. A dé gbọ̀ngàn. A dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, a padà sílé. Doreen ní ìyẹn náà jẹ́ ìdánrawò.

Ọmọ yín,
Tèmítọ́pẹ́.


Fate, Ìlọrin.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde o. Mo mọ̀ pé o ti ń retí.

Àárọ̀ mẹ́jọ ni mo fi rin ojú ọ̀nà náà lémi nìkan. Alápatà tó ń gbé òdìkejì títì bi Alhaji bóyá orí mi pé. Àárọ̀ kẹta, mo dé ẹnu dúrọ́ọ̀mù, mo ní kí n yí ẹ̀yìn padà, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Bí igi tí wọ́n gbìn. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo padà wọlé, mo fún ara mi ní tíì. Àárọ̀ kẹfà ni ẹsẹ̀ kan gbà.

Lánàá, Olúfẹ́mi dé pẹ̀lú ìwé àdéhùn nínú àpò ọ̀rá. Shehu wá pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tuntun, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn bí nọ́ọ̀sì tó ń fi abẹ́rẹ́ pamọ́ fún ọmọdé. Ọmọlúàbí ni. Ó wo àgbàlá yíká, ó ní, "Bàbá, ṣé ajá lẹ ń kọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ kó lọ wọ iṣẹ́ ológun?" Alhaji ti wà lórí àga rẹ̀ láti aago mẹ́rin.

Ní aago márùn-ún, mo tú u sílẹ̀. Igi mẹ́ta. Taya. Ó wọ dúrọ́ọ̀mù, mo ń gbọ́ èékánná rẹ̀ lára irin. Mo yí padà.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ èyí fún ọ. Nígbà tí mo kẹ́yìn sí géètì yẹn, ó dà bí ẹni pé mo ń tì í mọ́ ẹnì kan síta. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu, mo ní, "Má bínú." Olúfẹ́mi rò pé ajá ni mò ń bẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ síwájú. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Bíṣọ́ọ̀bù yọ jáde, ó wò mí, ó yà sí òsì, ó wọ inú páìpù, ó ń lọ́, ó ń lọ́, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó gun pákó, pákó wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rọrùn. Láti oṣù Kẹwàá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rọrùn tó.

Alhaji ké "Alhamdulillahi!" ó kù díẹ̀ kó já bọ́ sínú àgbàlá mi pẹ̀lú jálàbíà rẹ̀. Shehu fi ẹ̀wọ̀n sápò, ó ní kò sí wàhálà, ajá pọ̀. Olúfẹ́mi mú ìwé náà jáde, ó fẹ́ kà á sókè, ó wo ojú mi, ó sì ká a padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tiyín ni." Ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Mo borí. Gbogbo wọn ló ń yọ̀ fún mi. Ó ń dùn mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bíṣọ́ọ̀bù wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì mi, ibi tó máa ń jókòó sí lọ́dọ̀ Ṣeun. Ó gbójú sókè, ó ń wò mí, ó ń dúró kí n sọ ohun tó kàn. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ni mo fi mọ ohun tó kàn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń wà nínú ìwé. Mo wò ó títí, ó ń wò mí. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ó tó. Jẹ́ ká wọlé."

Ó dìde, a jọ wọlé.

Bàbá rẹ,
Olúyẹmí.